Okùn Tí Ìyá Mi Fún Mi Láìso

Àwọn ará ilé mi gbà pé ẹni tí kò bá wọ bàálù kò tíì lọ sí ìlú òkèèrè. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí lórí fóònù nígbà kan pé, "Òdìgbó tí ẹ wà yìí, ṣé òtútù ibẹ̀ máa ń mú kí eyín gbọ̀n?" Mo ní kò sí òtútù, òjò ló wà. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Oko lẹ lọ nìyẹn. Ẹ má fi òkèèrè ṣe fáàrí fún wa mọ́ o." Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sọ fún ara mi pé obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n bí sí abúlé kan lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó sọdá bọ́dà, tó wá ń gbé láàárín oko kòkó àwọn Ìkálẹ̀, tó ń jí láràárọ̀ tí kò gbọ́ ohùn ẹnì kan tó mọ orúkọ ìyá rẹ̀, òkèèrè wo ló tún kù tí kò lọ?

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ ìyá mi, nítorí orí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ìyá mi ń hun òwú. Kì í ṣe pé ó ń hun aṣọ o. Òwú dídán aláwọ̀ mèremère tí àwọn aránṣọ fi ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, òun ló ń hun di okùn: okùn àpò, okùn ọwọ́, ìgbànú, okùn tí wọ́n ń rán mọ́ etí tìmùtìmù. Yóò ká òwú kọ̀ọ̀kan po kí ó lè ní ojú tí ìka lè wọ̀, yóò so orí gbogbo wọn pọ̀, yóò sì fi ojú wọn kọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìka ọ̀tún á gba tòsì, tòsì á gba tọ̀tún, apá á là, okùn á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí okùn bá kúrú, èèyàn lè fi orí rẹ̀ kọ́ ìṣó tàbí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gùn ju apá lọ, èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹnì kan á hun, ẹnì kejì á jókòó síwájú rẹ̀, á di orí okùn mú, á sì máa fi ìka tẹ ìhun náà mọ́ra kí ó lè le.

Èmi ni mo ń di orí okùn mú fún ìyá mi láti kékeré. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á bi mí pé, "Ṣé o dì í mú?" Èmi á ní, "Mo dì í mú." Bí n kò bá dáhùn, kò ní gbé ìka. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi bá ń pè mí síta láti wá ṣeré, orí okùn ni màá wà, màá máa fa imú.

Ohun kan tún wà. Ní ilé wa, ẹni tó hun okùn kì í so ìdí rẹ̀ ní kókó. Ẹni tó ni okùn ló ń so ó fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àdúrà tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Àwa tí a hun ún á kàn fi fọ́nrán òwú kan wé e, kí ó má bàa tú kó tó dọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi ń lọ, ìyá mi fi okùn kan lé mi lọ́wọ́, pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé. Ó ní, "Má tíì so ó o. Ibi tí ọkàn rẹ bá ti balẹ̀ ni kí o ti so ó." Mo ní, "Ìyá, ẹnu ọ̀nà yín níbí náà ni màá ti so ó nígbà tí mo bá padà dé." Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

Ọ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Ariwo ibẹ̀! Ọkọ̀ ńláńlá ń wọlé, ọkọ̀ ńláńlá ń jáde, èéfín bo gbogbo ojú, àwọn ọmọ gáréèjì sì ń ké pé, "Bẹ̀nẹ̀! Bẹ̀nẹ̀! Ó ku ẹnì kan!" Ayọ̀ kún inú mi. Mo gbá ọkọ mi lápá, mo ní, "Ẹ ò gbọ́ bí? Ìlú wa ni wọ́n ń pè yẹn. Ẹ jẹ́ ká yáa padà." Ọkọ mi ní Bẹ̀nẹ̀ ti àwọn Ẹ̀dó ni, kì í ṣe tiwa. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì gbọ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé igbá sílẹ̀, ó sì fún mi ní búrẹ́dì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Jẹun, ìyàwó. Ẹni tó bá dé Ọ̀rẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ padà lónìí." Ọlọ́run ló mọ ibi tí ìyá yẹn wà báyìí. Mo ṣì ń wò láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì bí mo bá lọ síbẹ̀.

Kámpù tí wọ́n fi wá sí, ìyẹn ibùdó inú oko, wà lẹ́yìn ìletò Omifunfun. A ń bá bàbá kan ní Òdìgbó tọ́jú oko kòkó rẹ̀, a sì ń pín ohun tó bá jáde. Igi kòkó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tọ̀ wá. Òjò ibẹ̀ kì í kìlọ̀ fún èèyàn. Ọkọ mi á ti lọ sí oko, èmi á kù sílé pẹ̀lú ewé tó ń já àti ẹyẹ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà míì mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́ pé ohùn mi ṣì wà.

Mo rò pé Yorùbá ni mò ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àfi ìgbà tí mo dé ọjà Òdìgbó tí mo gbọ́ Ìkálẹ̀. Wọ́n á máa sọ ọ́ wàràwàrà láàárín ara wọn, bí wọ́n bá wá rí mi, wọ́n á yí i sí èyí tí mo lè gbọ́. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é o, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń jẹun bá nu ọwọ́ nítorí àlejò dé. Wọ́n sì sọ mí ní Ìyàwó Àgànyìn. Mo ní, "Èmi kì í ṣe Àgànyìn! Ọmọ Kétu ni mí, Yorùbá pọ́ńbélé!" Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Ìyàwó Àgànyìn." Inú bí mi títí ó fi sú mi.

Ìyàwó bàbá tó ni oko ni wọ́n ń pè ní Màmá Títí. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì rẹ́rìn-ín rárá. Ní ọ̀sẹ̀ tí a dé, ó gun ọ̀kadà wá láti Òdìgbó, ó gbé nǹkan róbótó méjì kan kalẹ̀ fún mi, dúdú bí èédú. Ó ní, "Púpurù rèé. Ẹ fi kí ara yín káàbọ̀," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo gbé e sínú ìkòkò pẹ̀lú omi àti iyọ̀, mo sè é bí ẹni ń se iṣu. Omi dúdú, ìkòkò dúdú. Ọkọ mi jẹ ẹ́ díẹ̀, ó mu omi, ó ní, "Oúnjẹ ìlú yìí le o."

Nígbà tí Màmá Títí tún wá, ó bi mí bóyá a gbádùn rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe sè é.

"Ọma mi," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ nìyẹn, "o sè é pẹ̀lú èédú ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọkọ ẹ sì jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gèlè, ó jókòó, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ó ha ẹ̀yìn púpurù yẹn títí inú rẹ̀ fi yọ funfun, ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó rò ó nínú omi gbígbóná. Ẹ̀gẹ́ lásán ni, wọ́n kàn fi iná yá a kí ó lè pẹ́ ni. A jẹ ẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Títí di òní, kò sí òkèlè tó dùn mọ́ mi lẹ́nu tó ìyẹn.

Orí kùkùté kan lẹ́bàá ibi tí a ń sá kòkó sí ni fóònù ti máa ń mú. Bí ẹ bá rí mi lórí rẹ̀, tí mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìyẹ, ìyá mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ló máa ń bá a di fóònù mú. Ìyá mi á bi mí nípa oúnjẹ, á bi mí nípa ara ọkọ mi, á wá kan ọ̀rọ̀ okùn.

"Ṣé o ti so ó?"

"Rárá o, Ìyá."

"Kò burú."

Mo rò pé ó ń fẹ́ kí n sọ pé rárá ni. Mo rò pé bí mo bá so okùn yẹn níbòmíràn, bí ẹni pé mo kọ ìyá mi sílẹ̀ ni. Wọ́n máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo sì di ọ̀rọ̀ yẹn mú pinpin. Inú àpótí ni okùn náà wà, lábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ọ́ wò lẹ́yìn ìkórè kejì, fọ́nrán tí ìyá mi fi wé e ti já, ìdí okùn sì ti ń tú. Mo tún un wé. Ó tún já. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, n kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọkọ mi.

Ẹni tó tún gbé òwú lé mi lọ́wọ́ ni Bísọ́lá, ọmọ-ọmọ Màmá Títí. Wọ́n fẹ́ parí sáà níléèwé wọn ní Òdìgbó, olùkọ́ sì ní kí kálukú mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ẹ mọ̀ ọ́n: ìgbálẹ̀, ẹní, apẹ̀rẹ̀, nǹkan tí òbí máa ń lọ rà lọ́jà tí ọmọ á ní òun ló ṣe é. Bísọ́lá tẹ̀lé ìyá àgbà rẹ̀ wá sí oko, ó ń sunkún pé ìgbálẹ̀ ni òun mú lọ ní sáà tó kọjá àti sáà tó ṣáájú. Mo ní, "Wá níbí." Mo fa òwú àránkù yọ nínú àpò mi, mo fi orí rẹ̀ kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, mo kọ́ ọmọ náà bí ìka ṣe ń gba òwú lọ́wọ́ ìka. Ó hun okùn ọwọ́ kan tó wọ́ díẹ̀. Mo ní kó so ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó so ó, ó ní òun gbàdúrà kí òun gba ipò kìíní.

Màmá Títí jókòó sórí pẹpẹ tí a ń sá kòkó lé, ó ń wò wá.

Bísọ́lá kò gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ń fẹ́ okùn ọwọ́. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn ìyá ń fi ọ̀kadà ránṣẹ́ sí kámpù. Mo ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ lọ ra òwú, mo mọ ẹni tó ní èyí tí kì í ṣí, mo ń dúnàádúrà láàárín ariwo bí ọmọ ibẹ̀. Mo hun okùn àpò, mo hun okùn tí wọ́n fi ń gbé fóònù kọ́ ọrùn, mo hun èyí tí wọ́n ń fi sáàárín Bíbélì. Gbogbo wọn ló kúrú, ẹni tó bá gbà á sì máa ń so ó mọ́ ohun tó fẹ́ lò ó fún lójú ẹsẹ̀; gbogbo wọn ni ìṣó bá mi di orí wọn mú. Inú mi dùn. Síbẹ̀, nígbà míì, bí mo bá fi òwú kọ́ ìṣó, ẹnu mi á fẹ́ bèèrè pé, "Ṣé o dì í mú?" Ta ló fẹ́ dá mi lóhùn?

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, Màmá Títí wá bá mi. Àwọn akọrin ń rán aṣọ funfun tuntun, wọ́n sì fẹ́ ìgbànú okùn, àwọ̀ àlùkò pẹ̀lú àwọ̀ wúrà, tó máa wé ìdí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnu rẹ̀ á tún fì wálẹ̀ dé orúnkún. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ní kí wọ́n lọ rà á ní Oǹdó.

"Mo dìde láàárín wọn," Màmá Títí ní, "mo ní èmi mọ ẹni tó lè hun ún. Wọ́n ní, ta ni? Mo ní ẹni tó ń gbé oko wa ni. Wọ́n ní, Àgànyìn yẹn? Mo ní òun náà ni, mo dúró fún un. Ṣé o gbọ́? Mo ti fi ojú mi dúró fún ẹ. Bí o bá dójú tì mí, n kò mọ bí màá ṣe tún jókòó láàárín wọn."

Àyà mi já. Kì í ṣe pé n kò lè hun ún. Okùn gígùn ni, mo sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Mo bẹ ọkọ mi. Ẹni bí ọkọ! Ó jókòó, ó di orí okùn mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fọ́ kòkó ti le, òwú dídán ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Kò pẹ́, orí rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn. Nígbà tí mo la apá, okùn fà á, ó ta gìrì, ó ní, "Wọ́n ti dé?" Mo ní, "Ta ni? Ẹ lọ sùn, ẹ jọ̀wọ́." Mo jókòó sídìí òwú yẹn, mo sunkún.

Ibẹ̀ ni Màmá Títí bá mi lọ́jọ́ kejì. Mo fi òwú kọ́ ìka, n kò sì rí ibi tí màá fi orí rẹ̀ kọ́. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ṣàlàyé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí iwájú mi, ó na ọwọ́.

"Mú un wá."

"Mà? Ẹ̀yin kọ́, mà. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́."

"Mo ní mú un wá."

Mo kó orí okùn fún un. Ìka mi kò gbéra. Ó wò mí, ó ní kí ni mò ń dúró dè. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo bèèrè, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láìbèèrè.

"Ṣé ẹ dì í mú, mà?"

"Kí ni mo tún fi ọwọ́ ṣe? Ṣé o ò rí i ni?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn ni, mà. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mo dì í mú."

Ọwọ́ Màmá Títí nípọn, ó sì rọ̀, a ṣe bí ẹni tó ti jọ ń ṣe é tipẹ́. Ó ń wá láti Òdìgbó ní ọ̀sán títí iṣẹ́ fi parí. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi nípa ọmọ rẹ̀ Títí, tó wà ní ìlú òyìnbó tí kò tíì lè wálé. Ó ní, "Mo máa ń rò ó pé, ta ló ń fún un lóúnjẹ níbẹ̀? Bóyá ó wà nídìí ìkòkò kan báyìí, tó ń se nǹkan pẹ̀lú èédú ara rẹ̀." Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Mo rí i nígbà náà pé púpurù ọjọ́ kìíní yẹn, kì í ṣe èmi nìkan ló gbé e wá fún.

Bí a bá ti parí ìgbànú kan, mo ń yọ ojú òwú kúrò ní ìka, mo ń fi fọ́nrán kan wé e, mo ń ká a sínú àpò. Màmá Títí ń rí mi. Kò bèèrè ohunkóhun, èmi náà kò sì sọ. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó yẹ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ ìkórè pé. Àwọn akọrin tò sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, funfun báláú, àlùkò àti wúrà ní ìdí wọn. Èmi dúró lápá kan, mo wọ aṣọ mi tó dára jù, àyà mi ń fẹ̀. Àfi bí obìnrin kan tó wà níwájú ṣe kígbe pé, "Yéè! Kí lèyí? Ìgbànú mi ń tú!" Ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ wo tirẹ̀, tiẹ̀ náà ń tú. Fọ́nrán ti já lára gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni okùn ń tú sókè, òwú ń fẹ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ ní orúnkún wọn.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo iṣẹ́ Àgànyìn!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo ní ká lọ rà á ní Oǹdó!"

Olórí akọrin, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan, di ìgbànú tirẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, kò mọ ohun tó máa ṣe. Gbogbo ojú yí sí Màmá Títí. Màmá Títí yí ojú sí mi. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ó rọra ní, "Mo rí i tí ò ń wé e. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ ní ìlú yín nìyẹn."

Bí ilẹ̀ bá la ẹnu, mo ṣe tán láti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi, bí ojú bá tì mí, inú ló máa ń bí mi. Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi.

"Kí ló dé tí ẹ ò so ìdí wọn ní kókó? Ta lẹ fẹ́ kó bá yín so okùn yín? Okùn tí mo so fún yín, tèmi ni! Àdúrà mi ló máa wà ní ìdí yín!"

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ, mo sì rí ojú wọn. Wọn kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pẹ̀lú omijé: bí ìyá mi ṣe ń ṣe é, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é, pé ẹni tó ni okùn ló ń so ó pẹ̀lú àdúrà tirẹ̀, pé mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí. Màmá Títí ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi máńgòrò mú.

"Ẹ̀yin èèyàn," ó ní, "nígbà tí ọma yìí dé, mo fún un ní púpurù, ó sè é pẹ̀lú èédú. N kò sọ fún un bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Òun náà wá gbé tirẹ̀ fún wa. Àwa la wá ń jẹ èédú báyìí o! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kó kọ́ wa."

Ẹ̀rín ṣẹ́ lu ẹ̀rín. Mo nu ojú, mo ti ìka bọ ojú òwú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo hun èyí tó tú padà, kálukú sì so tirẹ̀. Obìnrin tó kọ́kọ́ kígbe so tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ẹni tó ní ká lọ sí Oǹdó dijú pẹ́ kó tó fa kókó tirẹ̀ le. Olórí akọrin bi mí bóyá àdúrà náà gbọdọ̀ jáde lẹ́nu, mo ní kò pọn dandan. Ìsìn pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orin tí wọ́n kọ wọlé, n kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá gba okùn lọ́wọ́ mi ní Òdìgbó, wọ́n á ní, "Jọ̀wọ́, má so ó o, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ so sí i." Ìyá Olówùú ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ẹni tó bá mọ inú rò á mọ ọpẹ́ dá: ilẹ̀ àlejò gbà mí, ó fún mi lóúnjẹ, ó tún gba ohun tí mo mú bọ̀ láti ilé ìyá mi. Kí ni mo tún ń wá?

Mo yọ okùn ìyá mi nínú àpótí. Ó ti tú kọjá ìdajì. Mo gun orí kùkùté mi, mo sì pè é.

"Ṣé o ti so ó?"

"Ìyá, ó ti fẹ́ tú tán."

Ó ní, "Okùn tí a kò so, títú ló ń tú, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi ń bi ọ́ nìyẹn. Ṣé o rò pé mo fẹ́ kó máa ṣí sílẹ̀ dè mí ni? Èmi ti dàgbà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò ní sí ẹni tí yóò bá ọ di orí rẹ̀ mú níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ dúró, Ìyá. Ẹ má pa fóònù."

Màmá Títí wà lórí pẹpẹ kòkó lọ́jọ́ náà. Mo pè é. Mo gbé fóònù sórí kùkùté, a ṣí fídíò, ojú ìyá mi yọ, ó ti rù díẹ̀, ìbòrí rẹ̀ sì wọ́. Àwọn méjèèjì kí ara wọn títí, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ara wọn ni wọ́n ń gbé. Mo jókòó sílẹ̀. Mo na orí okùn sí Màmá Títí. Mo ti ìka mi bọ ojú òwú wọ̀nyẹn, ojú tí ìka ìyá mi ti jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́ látìgbà náà.

Ó kù kí n bèèrè. Láti inú fóònù, láti Kétu, ìyá mi ti bèèrè.

"Ṣé o dì í mú?"

Èmi ni mo rò pé ó ń bi, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n Màmá Títí ti fa orí okùn náà le níwájú mi.

"Mo dì í mú," ó ní.

Mo hun ún dé òpin, mo sì so ó.